Celtic Woman: Ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè tí ẹ ń bi mí nípa àwọn obìnrin olórin Írẹ́lándì

Ẹgbẹ́ akọrin obìnrin kan ni mò ń kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìbàdàn. Láti ọjọ́ tí mo ti fi fídíò Celtic Woman hàn wọ́n lẹ́yìn ìdánrawò, ìbéèrè ò tíì dáwọ́ dúró. Àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹbí tó wà lókè òkun náà ń bèèrè tiwọn. Mo kó gbogbo rẹ̀ jọ síbí. Èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá pọ̀ nínú wọn, mi ò ní kánjú sọ ọ́.

Ta ni Celtic Woman gan-an?

Ẹgbẹ́ akọrin obìnrin ni wọ́n, ilẹ̀ Írẹ́lándì ni wọ́n ti wá. Sharon Browne àti David Downes ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 2004. Downes yìí ti ṣe olùdarí orin fún Riverdance rí, ìyẹn eré ijó Írẹ́lándì tó kọ́kọ́ jáde níbi ìdíje orin Eurovision ní Dublin ní 1994. Wọ́n ṣa obìnrin márùn-ún jọ. Chloë Agnew, Órla Fallon, Lisa Kelly àti Méav Ní Mhaolchatha ló ń kọrin, Máiréad Nesbitt ló ń ta fàólíìnì.

Ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án 2004 ni wọ́n kọ́kọ́ jọ kọrin, ní gbọ̀ngàn The Helix ní Dublin. Alẹ́ ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní i lọ́kàn. Chloë ò tíì ju ọmọ ọdún 15 lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ya fídíò eré náà, tẹlifíṣọ̀n PBS gbé e sáfẹ́fẹ́ ní Amẹ́ríkà ní 2005, àwo orin wọn jáde ní oṣù Kẹta ọdún yẹn kan náà, ó sì gun orí àtẹ ẹ̀ka “World Music” ti Billboard, ìwé ìròyìn orin Amẹ́ríkà. Bí eré alẹ́ ọjọ́ kan ṣe di iṣẹ́ ogún ọdún nìyẹn.

Kí ni ẹ ń pè ní orin ìbílẹ̀ Írẹ́lándì?

Kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Orin ijó wà níbẹ̀, èyí tí fàólíìnì àti fèrè máa ń sáré kọ tí ẹsẹ̀ ò sì ní lè dúró jẹ́ẹ́. Orin ìrìn-àjò àti ìdágbére wà níbẹ̀, wọ́n sì pọ̀, nítorí ìyàn ńlá tó mú ní Írẹ́lándì láti 1845 sí nǹkan bí 1852. Ọ̀dùnkún tí àwọn tálákà ń jẹ jẹrà nínú ilẹ̀, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ènìyàn kú, àwọn tó ju mílíọ̀nù kan lọ sì wọ ọkọ̀ ojú omi kúrò nílùú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tún fojú kan ilé mọ́. Ìdí nìyí tí orin wọn fi kún fún etíkun, ọkọ̀ ojú omi, ìyá tó ń dúró de ọmọ.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní *sean-nós*. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni “ọ̀nà àtijọ́”. Ẹnì kan ló ń kọ ọ́, láìsí ìlù, láìsí ohun èlò kankan, ní èdè wọn, ìyẹn Gaeilge. Akọrin á yí ohùn níbi tó bá wù ú, á fa ọ̀rọ̀ kan gùn, á já òmíràn kúrú, ẹsẹ kejì ò sì ní dún bí ẹsẹ àkọ́kọ́. *Caoineadh* náà wà, orin arò tí àwọn obìnrin máa ń fi sunkún òkú. Iṣẹ́ obìnrin ni, wọn a máa ka ìwà òkú náà, wọn a máa pè é lórúkọ. Ẹni tó bá ti jókòó níbi tí wọ́n ti ń sun ẹkún ìyàwó láyé àtijọ́, tàbí tó ti gbọ́ ìyá àgbà tó ń fi oríkì sunkún òkú, kò ní nílò àlàyé púpọ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń lú ti àtijọ́ àti tòde òní pọ̀?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, òun náà ni wọn ò bi mí tó.

Ẹ rántí pé sean-nós kò ní páàtì, ìyẹn pípín ohùn sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ohùn kan ni. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí àwọn mẹ́rin ń kọ orin Gaeilge, tí ọ̀kan wà lókè téńté, tí méjì gba àárín, tí ọ̀kan sì dúró nísàlẹ̀, ọwọ́ òde òní ti wọ ibẹ̀. Orin náà lè ti pé igba ọdún, páàtì rẹ̀ ni kò tíì dàgbà.

Báyìí ni wọ́n ṣe sábà máa ń tò ó. Wọ́n á kọ́kọ́ fi orin sílẹ̀ fún ohùn kan, bóyá pẹ̀lú háàpù nìkan. Ní ẹsẹ kejì, fèrè á yọ́ wọlé. Àwọn ohùn yòókù á wá gbè é, wọn ò ní tètè sọ ọ̀rọ̀, “úù” àti “áà” ni wọ́n á máa fi tẹ́ ilẹ̀ fún un. Ìlù ńlá á wá dún, wọ́n á gbé kíì, ìyẹn ipele tí ohùn orin dúró sí, sókè ní ẹsẹ tó kẹ́yìn, gbogbo wọn á sì kọ ọ́ pọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń gbé kíì sókè yìí, orin tòde òní ni wọ́n ti mú un, kò sí nínú sean-nós rárá.

Ẹ jẹ́ kí n fi orin kan ṣe àpẹẹrẹ. *Siúil a Rún* jẹ́ orin àtijọ́ tí obìnrin kan fi ń sunkún olólùfẹ́ rẹ̀ tó lọ ṣe ọmọ ogun ní Faransé. Ó ní òun á ta kẹ̀kẹ́ tí òun fi ń ran òwú, kí òun lè fi owó rẹ̀ ra idà fún ọkùnrin náà. Ẹ rò ó wò: ohun tó fi ń jẹun ni ó fẹ́ tà, láti ra ohun tó lè pa ẹni tó fẹ́ràn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹsẹ orin náà, Gaeilge ni ègbè rẹ̀. Nítorí náà, kí Celtic Woman tó dé rárá, orin náà ti jẹ́ àdàlù. Ibi tí ìbànújẹ́ ti pọ̀ jù, tí Gẹ̀ẹ́sì ò lè gbé e mọ́, ibẹ̀ ni ó ti padà sí èdè ìyá rẹ̀.

Wọ́n tún máa ń mú orin tuntun, kí wọ́n wá fi ohùn àtijọ́ kọ ọ́. *Orinoco Flow* tí Enya gbé jáde ní 1988 wà nínú àwo orin wọn àkọ́kọ́. Enya fúnra rẹ̀, ọmọ Gaoth Dobhair ní Donegal ni, níbi tí wọ́n ti ń sọ Gaeilge nílé. Nínú ilé ìgbohùnsílẹ̀, ohùn ara rẹ̀ ni ó máa ń kó lérí ara wọn léraléra, tí ó fi máa ń dún bí ogunlọ́gọ̀. Ohun tí òun fi ẹ̀rọ ṣe, àwọn obìnrin yìí pín in láàárín ara wọn, wọ́n sì kọ ọ́ lójúkojú.

Àmì tó wà lórí orúkọ wọn ńkọ́? Ṣé wọ́n ní ohùn òkè bíi tiwa ni?

Rárá o. Gbogbo akọrin mi ló kọ́kọ́ ka Órla àti Máiréad bí ẹni ka Yorùbá! Àmì yẹn, *fada* ni wọ́n ń pè é, “gígùn” ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ń sọ fún yín pé kí ẹ fa fáwẹ́lì náà gùn, kò sọ pé kí ẹ gbé ohùn sókè. Lẹ́tà “bh” nínú èdè náà sì lè dún bíi “v” Gẹ̀ẹ́sì. Ìdí nìyẹn tí orúkọ Éabha, ọ̀kan lára àwọn tó wọ ẹgbẹ́ náà lẹ́yìn, kò fi jọ bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún àwa tó ń kọrin. Bí wọ́n bá fi ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá, orin á gbé ọ̀rọ̀ sókè níbi tó yẹ kó sọ ọ́ kalẹ̀, ìtumọ̀ á sì bàjẹ́. A mọ̀ ọ́n dáadáa, àwọn orin ìyìn tí a jogún lọ́wọ́ àwọn míṣọ́nnárì kún fún un. Gaeilge ò ní ìṣòro yìí. Ohùn orin lè lọ ibi tó bá wù ú, ọ̀rọ̀ náà ò ní yí padà. Nítorí náà, ó rọrùn fún wọn láti fi orin àtijọ́ ṣe ohun tuntun ju bó ṣe rọrùn fún wa lọ. Mo máa ń rántí èyí nígbà tí ẹnì kan bá ní kí a kàn ṣe bíi tiwọn.

Mi ò gbọ́ Gaeilge rárá. Ṣé mo lè gbádùn rẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jókòó síbẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tó fi mọ́ àwọn tí baba ńlá wọn ti Írẹ́lándì wá, kò gbọ́ ọ. Orin Gẹ̀ẹ́sì ló tiẹ̀ pọ̀ jù nínú eré wọn. Ẹ kàn wá ìtàn orin náà kí ẹ tó lọ. *Dúlamán*, fún àpẹẹrẹ, ewéko òkun ni orúkọ yẹn, èyí tí wọ́n ń kó létí òkun, orin náà sì ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́ láàárín àwọn tó ń kó o. *Mo Ghile Mear* wá láti ọ̀rúndún kejìdínlógún, ó ń sunkún Charles Stuart, ọmọ ọba tí àwọn ará Írẹ́lándì rò pé yóò gbà wọ́n, tí kò sì padà wá mọ́. Bí ẹ bá ti mọ ìyẹn, etí yín á ṣe ìyókù.

Àwọn ohun èlò wo ni wọ́n ń lò?

Fàólíìnì ni ẹ ó kọ́kọ́ rí. Kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ń ta orin Mozart, ọwọ́ tí wọ́n fi ń ta á ló yàtọ̀. Ẹni tó bá mọ bí gòjé ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú sákárà á tètè mọ ohun tí mò ń wí. Máiréad Nesbitt tó ń ta á títí di 2016 kì í dúró lójú kan. Á máa sáré, á máa fò, á yí po, ọrun fàólíìnì rẹ̀ ò sì ní já bọ́ lórí okùn. Tara McNeill tó gba ipò rẹ̀ mọ háàpù ta pẹ̀lú. (Háàpù yìí ni Bíbélì wa pè ní dùùrù nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀ Dáfídì. Ẹ má fi dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì rò ó.) Háàpù ni àmì orílẹ̀-èdè Írẹ́lándì, ó wà lára owó ẹyọ wọn.

Fèrè wà tó tín-ín-rín, oníhò mẹ́fà. Fèrè aláwọ wà tí wọ́n ń pè ní *uilleann pipes*. *Uilleann* yẹn wá láti inú ọ̀rọ̀ wọn fún ìgbọ̀nwọ́. Ẹni tó ń fun ún kì í fi ẹnu kàn án. Ẹwìrì kékeré kan, irú ti alágbẹ̀dẹ, ni ó so mọ́ ara, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ló sì ń fi tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú àpò awọ náà. UNESCO fi iṣẹ́ ọwọ́ yìí kún àwọn ogún àṣà àgbáyé ní 2017, ti háàpù wọn tẹ̀ lé e ní 2019.

Ìlù wọn, *bodhrán*, ló gba ọkàn mi. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo lọ wò wọ́n, ìlà kẹta ni a jókòó sí, ọkùnrin tó ń lu bodhrán sì wà lọ́gangan wa. Mo gbé ojú kúrò lára àwọn obìnrin náà fún odidi orin kan kí n lè wo ọwọ́ rẹ̀. Ìlù náà rí bí atẹ pẹrẹsẹ, awọ ewúrẹ́ ni wọ́n fi bò ó lójú kan, ojú kejì ṣí sílẹ̀. Igi kékeré kan wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, tí ó ń fi orí méjèèjì lù ú. Ọwọ́ òsì ni ó kì bọ inú ìlù látẹ̀yìn, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ awọ. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́, ohùn á gòkè, bí ó bá fà á sẹ́yìn, ohùn á sọ̀ kalẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́: “Àǹtí, ẹ wò ó, ó fẹ́ sọ̀rọ̀!” Kò sọ̀rọ̀ bíi dùndún o, èdè wọn ò ní ohùn tí ìlù lè fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn, mo mọ̀ ọ́n.

Ṣé orin ìjọ ni wọ́n ń kọ?

Kì í ṣe ẹgbẹ́ ìjọ. Orin ìyìn wà nínú eré wọn, *Amazing Grace* sì wà lára rẹ̀, èyí tí a ń kọ nílé tiwa náà. John Newton tó kọ ọ̀rọ̀ orin yẹn ti darí ọkọ̀ tó ń kó ẹrú láti etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kó tó di àlùfáà. Nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ ọ, orí ìtàgé wọn tàbí ìlà akọrin wa, mo máa ń rántí ta ni ọkọ̀ náà gbé.

Kí ló kàn wọ́n pẹ̀lú Westlife?

Susan McFadden tó wọ ẹgbẹ́ yìí ní 2012 jẹ́ àbúrò Brian McFadden tó wà nínú Westlife, ẹgbẹ́ akọrin ọkùnrin láti Írẹ́lándì, títí di 2004. *You Raise Me Up* tí gbogbo ìgbéyàwó nílé wa ń lò kì í ṣe ti Westlife níbẹ̀rẹ̀. Rolf Løvland, ará Norway, ló ṣe ohùn rẹ̀, Brendan Graham, ará Írẹ́lándì, ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Celtic Woman ti ń kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tí ojú ń yí padà nínú ẹgbẹ́ náà?

Ìrìn-àjò wọn le. Oṣù mélòó kan ni wọ́n fi ń lọ láti ìlú dé ìlú, Amẹ́ríkà ló sì gba èyí tó pọ̀ jù. Obìnrin á lọ́kọ, á bímọ, á fẹ́ kọ orin tirẹ̀. Lisa Kelly kúrò, ó lọ ṣí ilé ẹ̀kọ́ orin ní Georgia. Hayley Westenra wá láti New Zealand, ó dára pọ̀ mọ́ wọn fún ìgbà díẹ̀. Mairéad Carlin, ọmọ Derry, wọlé ní 2013. Chloë Agnew kúrò, ó tún padà wá. Bí ẹnì kan bá lọ, orin ò lọ, ohùn tó bá bọ́ sípò rẹ̀ á tún páàtì tò. Èmi ò rí i bí àbùkù rárá. Ẹgbẹ́ akọrin tí kò lè gba ọmọ tuntun wọlé ti fẹ́ kú nìyẹn.

Wọ́n ní wọ́n ti ba orin ìbílẹ̀ jẹ́, pé ṣúgà ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kí lẹ rí sí i?

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn orin Írẹ́lándì tọkàntọkàn, mi ò sì gbé e ṣeré. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ìlù ńlá máa ń bo ohùn mọ́lẹ̀ nígbà mìíràn. Àwọn yíyí ohùn kéékèèké tó jẹ́ ẹwà sean-nós máa ń parẹ́ bí ohùn mẹ́rin bá fẹ́ rìn pọ̀, torí mẹ́rin ò lè yí lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí wọ́n pàdánù nìyẹn, kí a má pa irọ́.

Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo rí. Mo rí ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án kan tí ó ń kọ ègbè Gaeilge bí ẹni pé ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni ó ti kọ́ ọ, ní ìlú kan tí wọn ò ti ń sọ èdè náà. Àwo orin tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yìn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èyí ló dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá dàgbà tó fẹ́ mọ orísun, ọ̀nà ti là fún un. Ní 2017, àwo orin wọn *Destiny* wà lára àwọn tí wọ́n yàn fún àmì ẹ̀yẹ Grammy ní ẹ̀ka orin àgbáyé. Wọn ò gbà á, ṣùgbọ́n orin Gaeilge dé orí tábìlì náà.

Báwo ni mo ṣe lè ra tíkẹ́ẹ̀tì?

Lójú òpó ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ tàbí ti gbọ̀ngàn tí wọ́n ti fẹ́ ṣeré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń tún un tà. Èmi ni mo fara gbá a. A ra mẹ́rin lọ́wọ́ ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rọ kọ ọ̀kan, ẹlòmíràn ti fi wọlé. Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dúró síta nínú òtútù títí bàbá rẹ̀ fi rí òmíràn rà. Orin méjì àkọ́kọ́, ìta ni mo ti gbọ́ ọ.

Ṣé a lè náwó fún wọn lórí ìtàgé?

Rárá, ẹ̀yin ẹbí mi. Ẹ má gun orí ìtàgé. Àtẹ́wọ́ ni wọ́n ń ná níbẹ̀. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ nígbà orin tó tutù, ẹ pa fóònù. Bí orin ijó bá dé, wọ́n á fúnra wọn ní kí ẹ pàtẹ́wọ́. Eré náà á tó wákàtí méjì pẹ̀lú ìsinmi láàárín, ẹ lè kó ọmọdé lọ, kò sí ọ̀rọ̀ rírùn nínú rẹ̀.

Ṣé ohun kan so Írẹ́lándì pọ̀ mọ́ wa?

Patrick Mímọ́, tí wọ́n ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta, ni alábòójútó Írẹ́lándì. Òun náà ni àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà mọ̀ ní alábòójútó Nàìjíríà láti 1961, nítorí àwọn míṣọ́nnárì Írẹ́lándì tó pọ̀ nílẹ̀ wa nígbà náà. Ní tòde òní, ẹ wá Tolü Makay. Nàìjíríà ni wọ́n bí i sí, Tullamore ní àárín gbùngbùn Írẹ́lándì ni ó dàgbà sí. Ó kọ *N17*, orin àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Írẹ́lándì nípa ẹni tí àárò ilé ń sọ, pẹ̀lú ẹgbẹ́ olórin ńlá ti RTÉ, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n Írẹ́lándì. Kò sí nínú Celtic Woman, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń bèèrè pé ta ló ń kọ ti àtijọ́ ní ọ̀nà tuntun níbẹ̀ báyìí, orúkọ tiwa wà nínú wọn.

Mi ò tíì gbọ́ wọn rí. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti *Siúil a Rún*, ẹ má wo fídíò, ẹ gbọ́ ọ pẹ̀lú etí nìkan. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo eré tí wọ́n ṣe níta gbangba ní ààfin Slane ní County Meath ní oṣù Kẹjọ 2006. Àwọn akọrin mi ti bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò orin àkọ́kọ́ yẹn ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Áltò ti mọ tiwọn. Ọ̀rọ̀ “siúil” ló ṣì ń yọ wọ́n lẹ́nu, mo sì ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó fún wọn: *ṣúùlì*.